Thelma Ritter, Òṣèrébìnrin Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú Sinimá Apanilẹ́rìn-ín: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ta ni Thelma Ritter?

Thelma Ritter jẹ́ òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 1902 ní Brooklyn, ní ìlú New York. Ó kú ní oṣù Èrèlé ọdún 1969, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 67. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá tilẹ̀ jọ létí ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, ẹni tó bá ti jókòó wo sinimá Amẹ́ríkà àtijọ́ rí kò ní ṣàì mọ ojú rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan, tí ohùn rẹ̀ sì le bí ohùn ìyá ọlọ́jà tí kò ráyè fún oníbàárà tí ń nájà lásán. Yóò wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, bí nọ́ọ̀sì, bí ìyá ọkọ tàbí bí obìnrin tó fi yàrá háyà fún ni, yóò sọ gbólóhùn méjì péré, ẹ̀rín yóò sì gba gbogbo ilé sinimá kan. Láti ọdún 1947 títí di ọdún 1968 ni ó fi ṣiṣẹ́ nínú sinimá, ìgbà 6 ni wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó lè gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar láìjẹ́ pé ó gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ni iṣẹ́ òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú eré ẹ̀fẹ̀ ayé ìgbà náà?

Òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹni tí ìtàn kò dá lé lórí, ṣùgbọ́n tí ìtàn kò lè rìn dáadáa bí kò bá sí níbẹ̀. Ní Hollywood láàárín ọdún 1930 sí 1960, ọ̀nà tí àwọn ilé iṣẹ́ sinimá ńlá ń gbà ṣe nǹkan fi ààlà sáàárín ẹwà àti ẹ̀rín: ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìfẹ́ wọn wà láàárín eré gbọ́dọ̀ lẹ́wà, aṣọ wọn kò gbọdọ̀ wó, irun wọn kò sì gbọdọ̀ tú, nítorí náà àwọn tó yí wọn ká ni wọ́n sábà máa ń gbé ẹ̀rín lé lórí. Àwọn wọ̀nyí ló lè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tí olólùfẹ́ méjèèjì kò lè sọ síra wọn. Iṣẹ́ náà ṣòro ju bí ó ti rí lójú lọ, torí pé ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí gbà, láàárín ìran wọ̀nyí ni òǹwòran sì gbọdọ̀ ti mọ irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́ láti ọjọ́ tó ti dáyé. Àwọn tó ń fúnni ní Oscar fúnra wọn kò dá irú òṣèré bẹ́ẹ̀ mọ̀ lọ́tọ̀ títí ó fi kan àwọn sinimá ọdún 1936, tí wọ́n wá ya àmì-ẹ̀yẹ tiwọn sọ́tọ̀.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ló sì dé tí kò tètè dé inú sinimá?

Láti kékeré ló ti ń ṣeré orí ìtàgé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní American Academy of Dramatic Arts ní New York, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ eléré kéékèèké ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1927 ó fẹ́ Joseph Moran, òṣèrékùnrin tó padà fi ìtàgé sílẹ̀ tó bọ́ sídìí iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Wọ́n bí ọmọ méjì, Ritter sì gbé eré tì láti tọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà gbọ́njú díẹ̀, orí rédíò ló gbà padà sẹ́nu iṣẹ́, ní àwọn ọdún 1940.

Mo gbà pé rédíò yẹn ṣe é lóore tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn. Lórí rédíò kò sí ojú, kò sí aṣọ, kò sí ẹwà, ohùn nìkan ló wà. Ẹni tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń fi ohùn nìkan kọ́ ilé, kọ́ ìdáná, kọ́ ọkọ tó ń múnú bíni, tí ó wá bọ́ síwájú ẹ̀rọ ayàwòrán ní ẹni ọdún 45, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí òun jẹ́ kiri.

Fíìmù wo ló kọ́kọ́ ṣe?

Miracle on 34th Street ni, ní ọdún 1947. George Seaton, ọ̀rẹ́ ìdílé wọn, ló darí rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Twentieth Century-Fox. Ipa tí wọ́n fún Ritter kéré débi pé wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sára orúkọ àwọn òṣèré tó ń jáde lójú sinimá. Ìyá kan ni, tó mú ọmọ rẹ̀ lọ bá Bàbá Kérésìmesì nínú ilé ìtajà ńlá Macy's.

Ìran náà yẹ ní wíwò dáadáa. Ọmọ ń sọ sétí Bàbá Kérésìmesì pé ọkọ̀ panápaná ni òun ń fẹ́. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó ti wá ọkọ̀ náà káàkiri kò rí i, ó sì ń fi ojú ṣe àmì fún bàbá náà kó má ṣèlérí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ́jà. Bàbá ṣe ìlérí. Ojú ìyá yí padà, ó ní kí ọmọ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá kojú bàbá náà bí ẹni tí wọ́n fi owó oúnjẹ rẹ̀ ṣeré. Ìgbà tí ó wá gbọ́ pé ọkọ̀ náà wà ní ilé ìtajà mìíràn, tí ó gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, tí ó gbọ́ pé òṣìṣẹ́ Macy's fúnra rẹ̀ ló ń darí oníbàárà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìyàlẹ́nu kò jẹ́ kó tètè lọ. Ó padà wá ọ̀gá ẹ̀ka ohun ìṣeré ọmọdé lọ, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un pé láti ọjọ́ náà lọ, Macy's ni òun yóò máa bá nájà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó sì wà lára ohun tó yí ìtàn padà, nítorí ìdùnnú oníbàárà yìí ló jẹ́ kí àwọn ọ̀gá Macy's mọ̀ pé èrè wà nínú òótọ́ sísọ. Darryl Zanuck tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ Fox rí ìran náà nígbà tí wọ́n ṣì ń ya fíìmù lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n fi kún ipa obìnrin náà.

Báwo ló ṣe di ìlúmọ̀ọ́ká?

Ọwọ́ Joseph L. Mankiewicz, òǹkọ̀wé àti olùdarí eré, ló gbé e dé ibẹ̀. Nínú A Letter to Three Wives, tó jáde ní ọdún 1949, Ritter jẹ́ Sadie, obìnrin tí ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé, tí kò sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun yí ohùn padà nítorí pé àlejò wá jẹun. Orúkọ rẹ̀ kò tún jáde. Ṣùgbọ́n Mankiewicz ti rí i. Nígbà tí ó ń kọ All About Eve, ó fi ipa Birdie sínú rẹ̀ fún un.

Ìtàn All About Eve dá lórí Margo Channing, ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré orí ìtàgé tí Bette Davis ṣe, àti Eve Harrington, ọmọbìnrin onírẹ̀lẹ̀ tí Anne Baxter ṣe, tó wọlé tọ Margo bí olólùfẹ́ eré tó sì ń fẹ́ gba ipò rẹ̀. Birdie ni ó ń bá Margo wọ aṣọ, òun náà sì ti ṣeré lórí ìtàgé ẹlẹ́fẹ̀ rí nígbà tó wà léwe. Lálẹ́ tí Eve kọ́kọ́ dé yàrá ìmúra, ó ròyìn ìyà tó ti jẹ òun àti ọkọ òun tó kú sójú ogun. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, tí wọ́n jẹ́ onítíátà, tó yẹ kí wọ́n mọ eré nígbà tí wọ́n bá rí i, ni omijé lé lójú wọn. Birdie nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ kan tó fi hàn pé ìtàn náà ti dùn jù. Margo bínú sí i, Birdie sì tọrọ àforíjì. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tí ó ń tọrọ àforíjì yẹn: kò yí èrò padà, ó kàn mọ̀ pé ilé kì í ṣe tòun. Nígbà tó yá, tí Margo fúnra rẹ̀ bi í léèrè bóyá kò fẹ́ràn Eve, Birdie ṣàlàyé fún un pé ńṣe ni ọmọbìnrin náà ń kọ́ Margo bí ẹni ń kọ́ ìwé, bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń sùn.

Wọ́n dárúkọ fíìmù náà fún Oscar ní ọ̀nà 14, ó sì gba 6. Ritter wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ, èyí sì ni àkọ́kọ́ nínú tirẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Birdie pòórá láàárín eré náà?

Lóòótọ́ ni. Lẹ́yìn àpèjẹ ńlá tí Margo ṣe, a kò fi bẹ́ẹ̀ rí Birdie mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ibi tó wà. Àwọn kan ka èyí sí àléébù ìwé eré. Èmi kà á sí ìyìn fún òṣèré, nítorí bí ẹni tó ti mọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣì jókòó sílé, Eve kò ní ráyè ṣe ohun tó ṣe.

Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí àwọn apanilẹ́rìn-ín mìíràn?

Ìdáhùn mi lè má bá ti àwọn mìíràn mu: ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ òṣèré ẹlẹ́fẹ̀ a máa dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bá dé ẹnu wọn, wọn a yíjú, wọn a dúró de ẹ̀rín. Ritter kì í dúró. Bó bá ń pa ilé rẹ́, yóò máa pa á rẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ yóò sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ pé ó pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Àpẹẹrẹ tó dára jù ni Stella nínú Rear Window, fíìmù tí Alfred Hitchcock darí ní ọdún 1954. James Stewart jẹ́ ayàwòrán kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tí wọ́n fi píòpí dì í, tí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa yọjú wo àwọn ará àdúgbò láti ojú fèrèsé lọ. Stella ni nọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ń rán sí i. Bí ó ti wọlé ló ti ń bá a wí nítorí àṣà yíyọjú yẹn. Ó ki ohun èlò tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbóná sí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọkùnrin náà kò lè fèsì, Stella sì ń sọ tirẹ̀ lọ. Ó wọ́ ọ lẹ́yìn, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń ròyìn bí òun ṣe mọ̀ ṣáájú pé ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà yóò dojú dé ní ọdún 1929: òun ń tọ́jú ọ̀gá kan ní General Motors, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá, nígbà náà, àwọn dókítà ní kíndìnrín ló ń dà á láàmú, òun sì ní rárá o, ìbẹ̀rù ni, nítorí kí ló lè máa ba irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́rù? Bí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wá ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà 10 lóòjọ́, ṣé kò yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè ti mọ ohun tó ń bọ̀? Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn ọkùnrin náà títí ìtàn fi parí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ mìíràn ó gbé oúnjẹ wá. Ìfura ti wà nílẹ̀ nígbà náà pé aládùúgbò kan ti pa ìyàwó rẹ̀. Bí ọkùnrin náà ti fẹ́ ki oúnjẹ bọ ẹnu ni Stella, ẹni tó kọ́kọ́ ń bá a wí nítorí yíyọjú, bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sókè nípa ibi tí apànìyàn náà ti lè gé òkú sí wẹ́wẹ́ àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ yóò ti ṣàn gbà. Ojú Stewart, àwo oúnjẹ rẹ̀, àti ohùn obìnrin tó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣírò owó ọbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá yọ Ritter kúrò níbẹ̀, ìpànìyàn nìkan ló kù.

Ǹjẹ́ ó ṣe olú-ẹ̀dá-ìtàn rí?

Ó sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ní ọdún 1951 kan náà. Àkọ́kọ́ ni The Mating Season, tí Mitchell Leisen darí fún Paramount. Lára gbogbo ohun tí Ritter ṣe, mo rò pé èyí ni yóò yé òǹkàwé Yorùbá jù, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ àti aya ọmọ ló dá lé.

Ellen McNulty jẹ́ opó tó ń ta búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran há láàárín ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Gbèsè báńkì gba ilé oúnjẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọrí sí Ohio níbi tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọ ẹni ńlá, ọmọ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà nílẹ̀ òkèèrè. Gene Tierney ni ìyàwó náà. Ọjọ́ tí ìyá dé ẹnu ilé wọn, ìyàwó ń retí àlejò fún àpèjẹ, gbogbo nǹkan ti dojú rú ní ìdáná, alásè tó bẹ̀ kò sì tíì dé. Bó ti rí obìnrin aláṣọ ṣákálá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, ọpẹ́ o, alásè dé. Ìyá wo inú ilé, ó wo ìyàwó, ó wo ìkòkò. Kò sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Láti ìgbà náà lọ ni ìyá ọkọ ti ń gbé ilé ọmọ rẹ̀ bí alásè, ọmọ sì mọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún aya rẹ̀. Miriam Hopkins ṣe ìyá ìyàwó, obìnrin agbéraga tó wá gbé ilé kan náà, tó ń gba ìkẹ́ tó tọ́ sí ìyá nígbà tí ìyá kejì ń gbé àwo oúnjẹ fún un. Ohun tí Ritter ṣe níbẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí a káàánú rẹ̀. Ó ń gbádùn ara rẹ̀ ní ìdáná náà. Ìgbà tí ojú ọmọ rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ tó yẹra fún tirẹ̀ nìkan ni a máa ń rí i, fún ìṣẹ́jú àáyá kan, pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Orúkọ òṣèré mẹ́ta ló ṣáájú tirẹ̀ lára pátákó fíìmù náà, bẹ́ẹ̀ òun ni eré gbára lé. Wọ́n tún dárúkọ rẹ̀ fún Oscar, ṣùgbọ́n lábẹ́ òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èkejì ni The Model and the Marriage Broker, tí George Cukor darí. Alárenà ni Ritter níbẹ̀, obìnrin tó fi ìbáṣepọ̀ ṣe òwò, tó ń wá ọkọ fún ẹni tí kò rí, tó ń wá aya fún ẹni tí ìtìjú ń dè lẹ́nu. Kì í ṣe alárenà ti ilẹ̀ wa tí ẹbí mọ̀ tí ẹbí sì fọkàn tán, torí owó ló ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà bíi ti oníṣòwò mìíràn, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo àwọn aláìlẹ́nìkan tó ń wọ ọ́fíìsì rẹ̀ kì í ṣe ojú owó.

Ìgbà wo àti ìgbà wo ni wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar, ta ló sì ń borí rẹ̀?

Ọdún mẹ́rin tẹ̀ léra ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Fún àwọn fíìmù ọdún 1950, All About Eve ni, Josephine Hull ló sì gbà á nítorí Harvey. Apanilẹ́rìn-ín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló borí rẹ̀ lọ́dún yẹn, kò sì ràn án lọ́wọ́ pé wọ́n dárúkọ Celeste Holm náà láti inú All About Eve kan náà, torí àwọn tó fẹ́ràn eré náà ní láti pín ìbò wọn sí méjì. Fún ọdún 1951, The Mating Season, Kim Hunter gbà á. Fún ọdún 1952, With a Song in My Heart, níbi tí Ritter ti ṣe nọ́ọ̀sì olórin Jane Froman, Gloria Grahame gbà á. Fún ọdún 1953, Pickup on South Street, Donna Reed gbà á. Ó tún di ọdún 1959 pẹ̀lú Pillow Talk, tí Shelley Winters gbà á, àti ọdún 1962 pẹ̀lú Birdman of Alcatraz, tí Patty Duke gbà á, ọmọ ọdún 16 péré.

Bí ẹ bá wò ó, yàtọ̀ sí Josephine Hull, gbogbo àwọn tó borí rẹ̀ ló ṣe é nínú eré tí ìbànújẹ́ tàbí wàhálà wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń dìbò Oscar kò tíì fìgbà kan ní ojú rere púpọ̀ sí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kò sí òṣèrébìnrin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n dárúkọ nígbà tó ju tirẹ̀ lọ ní ẹ̀ka yẹn.

Ṣé kò wá gba àmì-ẹ̀yẹ kankan ni?

Ó gba Tony, àmì-ẹ̀yẹ eré orí ìtàgé New York, ní ọdún 1958 fún New Girl in Town, eré olórin tí wọ́n fà yọ láti inú eré Eugene O'Neill. Òun àti Gwen Verdon, tí wọ́n jọ ṣe eré kan náà, ló jọ gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó ta yọ jù. Ní ti Oscar, wọ́n ní kó wá ṣe atọ́kùn ètò náà ní ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1955: Bob Hope wà ní Hollywood, Ritter wà ní New York. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dúró sórí pèpéle Oscar tó ń bá ẹlòmíràn yọ̀.

Ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún un ṣe?

Kì í ṣe òun nìkan, àmọ́ òun ló pọ̀ jù. Alma nínú Pillow Talk tún wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ Doris Day, tí ọtí àná kì í tíì dá lójú rẹ̀ bí ó bá ti ń wọ ẹ̀rọ agbéniròkè láàárọ̀. Ìran tó dùn jù ni ibi tí Rock Hudson mú un lọ sí ilé ọtí kó lè fi ọtí wá ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀ nípa ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin gìrìwò náà ló kọ́kọ́ ṣubú, ìyá náà sì wà lórí ìjókòó rẹ̀ digbí.

Ó tọ́ kí a fi ẹnì kan wé e níhìn-ín. Hattie McDaniel, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, gba Oscar òṣèrébìnrin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ní oṣù Èrèlé ọdún 1940, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba Oscar rárá. Tábìlì ọ̀tọ̀ lẹ́bàá ògiri ni wọ́n gbé e sí nínú gbọ̀ngàn náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ipa ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sì ń fún un ṣe títí ó fi kú. Ritter kò gba Oscar, ṣùgbọ́n ó lè bọ́ aṣọ ọmọ ọ̀dọ̀ kó sì di alárenà, tàbí ìyá ẹlẹ́wọ̀n nínú Birdman of Alcatraz, tàbí olówó tuntun nínú Titanic ti ọdún 1953. Ẹni tó bá ń kẹ́dùn pé wọ́n fi ojú kékeré wo Ritter gbọ́dọ̀ rántí pé àwọn kan wà tí wọn kò lẹ́nu ọ̀nà náà láti gbà jáde.

Ǹjẹ́ ó lè ṣe eré tí kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀?

Èyí tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, lójú tèmi, ni Moe nínú Pickup on South Street tí Samuel Fuller darí, ẹ̀rín ló sì fi wọ inú rẹ̀. Moe ń kiri táì, ó sì ń ta òfófó fún ọlọ́pàá. Bí ọlọ́pàá bá ń wá olè tó ń yọ àpò èèyàn nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, Moe ni wọn yóò pè, yóò sì nájà lórí iye tí yóò gbà bí ẹni ń ta ata. A ń rẹ́rìn-ín títí a fi gbọ́ ohun tó ń fi owó náà pa mọ́ fún: ilẹ̀ sàréè ni, àti òkúta tí wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí. Kò sí ohun tó bà á lẹ́rù tó kí wọ́n sin òun síbi tí ìjọba ń kó òkú aláìlẹ́nìkan sí. A kò ní kí wọ́n ṣàlàyé irú ìbẹ̀rù yẹn fún Yorùbá.

Nígbà tí apànìyàn wá bá a nínú yàrá rẹ̀ láti fipá gba àdírẹ́sì olè tó ń wá, Moe kò sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sórí ibùsùn, rẹ́kọ́ọ̀dù orin kan ń yí lórí ẹ̀rọ, ó sì ń bá ọkùnrin tó fẹ́ pa á sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ bí iṣẹ́ ọjọ́ náà ṣe rí. Ẹ̀rọ ayàwòrán kúrò lára rẹ̀, ó lọ sára rẹ́kọ́ọ̀dù, a sì gbọ́ ìbọn. Lẹ́yìn náà, olè tó ti ta ní òfófó rí ni ó lọ gba pósí rẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ síbi tó ń bẹ̀rù, kó lè sin ín bó ti fẹ́.

Òun àti Marilyn Monroe jọ ṣeré rí bí?

Fíìmù 3 ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀: All About Eve, As Young as You Feel ti ọdún 1951, àti The Misfits ti ọdún 1961. Nínú èyí tó kẹ́yìn, Ritter ṣe Isabelle, onílé kan ní ìlú Reno, ní ìpínlẹ̀ Nevada, tó ń kọ́ Monroe ní ohun tí yóò sọ ní kóòtù kí wọ́n lè tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká. Kò sí fíìmù mìíràn tí Monroe parí lẹ́yìn ìyẹn.

Ìgbà wo ló ṣíwọ́ iṣẹ́?

Kò ṣíwọ́. Ó ṣì wà nínú Move Over, Darling ní ọdún 1963 àti Boeing Boeing ní ọdún 1965, ó sì ṣe fíìmù tó gbẹ̀yìn ní ọdún 1968. Àìsàn ọkàn òjijì ló pa á ní New York ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Èwo ni kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ wò?

Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rín pọ́ńbélé kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Mating Season. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ayára-bí-àṣá àwọn ará Brooklyn bá ń dà láàmú kó wo Rear Window, nítorí níbẹ̀ ojú àti ọwọ́ rẹ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́ níbi tí etí kò bá ti bá ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì fi All About Eve ṣe ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ ó wò, kì í ṣe àkọ́kọ́. Nígbà tí Eve bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìyà rẹ̀ nínú yàrá ìmúra, ẹ mú ojú kúrò lára Eve, ẹ gbé e sára obìnrin tó dúró sẹ́yìn, kí ẹ tó gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.